Ṣé o mọ̀? Láti ìwé owó oṣù èbúté Lomé dé pápá yunifásítì Amẹ́ríkà

Ṣé o mọ̀ pé èbúté ọkọ̀ ojú omi kan wà ní etíkun wa tí ó ti gba líìgì bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀? Port autonome de Lomé ni. AS Togo-Port, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù èbúté náà, ló gba líìgì Tógò ní sáà 2016 sí 2017. Ní 2018 wọ́n dé ìpele ìsọ̀rí nínú ìdíje àwọn akọni Áfíríkà, wọ́n sì bá ara wọn láàárín Wydad Casablanca, Mamelodi Sundowns àti Horoya ti Gínì. Sundowns ló gba ife náà ní 2016, Wydad ló gbà á ní 2017. Ọba méjì ni àwọn ọmọ èbúté bá wọ pápá lọ́dún kan ṣoṣo. Ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n parí sí, ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ wa ló débẹ̀ rí?

Ṣé o mọ ọjọ́ orí èbúté yẹn? Oṣù kẹrin 1968 ni wọ́n ṣí i, owó àwọn ará Jámánì ló sì ṣe ìrànwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ. Kó tó dìgbà náà, afárá gígùn kan tí Jámánì kan náà nà wọ inú òkun ní 1904 ni ẹrù ń gbà gòkè. Lónìí, omi ibẹ̀ jìn tó mítà 16.6, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ńláńlá tí kò lè wọ ọ̀pọ̀ èbúté mìíràn fi ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Láti 2017 ni iye kọ̀nténà tó ń gba ibẹ̀ ti ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún. Burkina Faso, Niger àti Mali, tí òkun kò kàn, ń gba ẹrù wọn níbẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé àna.

Nínú ìdíje ti 1968, ọdún tí wọ́n ṣí èbúté náà gan-an, Étoile Filante ti Lomé gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá ife àwọn akọni Áfíríkà. TP Englebert, tí a ń pè ní TP Mazembe báyìí, ló bá wọn pàdé. Wọ́n na Étoile Filante ní 5-0 ní Congo. Lomé san án padà ní 4-1, ó ku góòlù méjì kí ó dọ́gba.

Ṣé o mọ̀ pé Lomé nìkan kọ́ ni èbúté tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Ka etíkun wa láti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Dakar ní Port Autonome. Tema ní Ghapoha, ti ọkùnrin àti ti obìnrin. Lomé ní Togo-Port. Cotonou ní ASPAC, tí ó gba líìgì Benin ní 2010. Èkó ní NPA, ti àjọ èbúté Nàìjíríà. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń gúnlẹ̀, owó ń bẹ níbẹ̀. Ibi tí owó bá sì wà, ọ̀gá kan yóò fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ilé-iṣẹ́ òun lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ du ife bọ́ọ̀lù Governor's Cup ní 1945, Marine ló gbà á. Marine yìí ni ẹgbẹ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ ojú omi àti èbúté kí wọ́n tó dá NPA sílẹ̀ ní 1955. Ní 1946, Railway gbà á. ECN, àwọn oníná, gbà á ní 1960, ní 1965 àti ní 1970. Tesilimu Balogun, Thunder tí àwọn bàbá wa ń fi ìbọn rẹ̀ pa ìtàn, wọ ẹ̀wù Marine, ó wọ ti Railway, ó wọ ti UAC àti ti SCOA, kó tó wọ ẹ̀wù QPR ní London ní 1956. Rashidi Yekini ńkọ́? Ẹgbẹ́ UNTL, ilé-iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní Kaduna, ni ó wà kí IICC ti Ìbàdàn tó gbé e. IICC fúnra rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba ni.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó fún irú àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́? Ọ̀gá kì í sọ pé òun ń sanwó bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé ni wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ọmọ náà, tàbí olùtọ́jú ilé-ìkẹ́rùsí, tàbí awakọ̀. Ó ń wọlé láàárọ̀, ó ń fọwọ́ sí ìwé, kí oòrùn tó yẹ̀ ó ti dé pápá. Bí oṣù bá parí, owó rẹ̀ á wọlé. Bí ó bá sì ju góòlù méjì sáwọ̀n ilé-iṣẹ́ tó ń bá tiwọn du iyì, ó lè gba ìgbéga tí ẹni tó ti jókòó ti tábìlì fún ọdún mẹ́wàá kò rí. Ṣé irọ́ ni? Irọ́ ni, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ń bọ́ ẹni tí wọ́n pa á mọ́ ni. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí o di mú dáadáa títí a ó fi dé Amẹ́ríkà: orúkọ ọmọ náà wà nínú ìwé owó oṣù. Bí orókún rẹ̀ bá yẹ̀ lọ́la, ilé-iṣẹ́ kan wà tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe irú rẹ̀ rí? Ní 1884, Preston North End gbàlejò Upton Park, ẹgbẹ́ kan láti London, nínú ife FA. Àwọn ará London fi ẹjọ́ sùn pé àwọn agbábọ́ọ̀lù Preston ń gbowó. Ọ̀gá Preston kò tilẹ̀ jiyàn: ó ní òun ń wá iṣẹ́ fún wọn ní ìlú náà, gbogbo ẹgbẹ́ agbègbè òun ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ Preston kúrò nínú ìdíje. Ní oṣù keje 1885, FA, àjọ bọ́ọ̀lù wọn, gbà nígbẹ̀yìn pé kí wọ́n máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ní gbangba.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tiwọn náà. West Ham? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Thames Ironworks, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí odò Thames, ló dá a sílẹ̀ ní 1895. Arsenal? Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich, 1886.

Èyí náà wọ Lomé: ní 1983, Agaza ti Lomé dé àṣekágbá ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Ta ló dá wọn dúró? El Mokawloon ti Cairo, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tó sì ń la ọ̀nà. Ẹgbẹ́ kan náà ni Mohamed Salah ti kọ́kọ́ gbá líìgì ńlá.

Ó yá, jẹ́ ká sọdá òkun.

Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n dorí irọ́ náà kodò? Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń kọ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ kí owó lè dé ọwọ́ rẹ̀. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ kí owó má bàa dé ọwọ́ rẹ̀. NCAA ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọn, láti 1906 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Òfin wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ohun tí eléré lè gbà kò gbọdọ̀ kọjá sikọ́láṣíìpù: owó ilé-ẹ̀kọ́, yàrá, oúnjẹ àti ìwé. Ẹni tó bá gba nǹkan mìíràn, kódà bí ará àdúgbò bá fún un ní owó mọ́tò, wọ́n lè lé e kúrò lórí pápá.

Ṣé o mọ ikú tó fẹsẹ̀ àṣà náà múlẹ̀? Ní 1955, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ray Dennison ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá, fún Fort Lewis A&M ní Colorado. Wọ́n kọlu ara wọn, ó fi orí gbà á, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ béèrè fún owó tí òfin ní kí wọ́n máa san fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà ní kò tọ́ sí i: ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kò sì sí nínú òwò bọ́ọ̀lù. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń dẹ́rù ba Walter Byers, tó darí NCAA láti 1951 sí 1988. Òun àti àwọn amòfin rẹ̀ ló fi “student-athlete” sínú gbogbo ìwé òfin wọn, kí adájọ́ kankan má bàa rí òṣìṣẹ́ níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà. Ta ló sọ ìtàn yìí fún wa? Byers fúnra rẹ̀ ni, nínú ìwé tí ó kọ ní 1995, nígbà tí ó ti kúrò lórí àga, tí ó sì ti ń dá ètò tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ lẹ́bi.

Ṣé o mọ Kent Waldrep? Ní 1974, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún TCU, yunifásítì kan ní Texas, nígbà tí wọ́n lọ bá Alabama. Ó ṣubú, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, kò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó béèrè owó òṣìṣẹ́ tó fara pa. Àjọ ìpínlẹ̀ náà kọ́kọ́ dá a láre ní 1993. Ilé ẹjọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ní 2000 sì ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi òǹtẹ̀ lù ú pé akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Nísinsìnyí, padà wá sí ẹnu ọ̀nà èbúté Lomé. Bí kọ̀nténà bá ya lu òṣìṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, Tógò ní CNSS, àpò ìdáàbòbò àwọn òṣìṣẹ́, tí ìjàǹbá lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó wà fún. Kò pọ̀, kì í sì í yára, gbogbo wa la mọ bí ọ́fíìsì ìjọba ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ohun tí Dennison kò ní nìyẹn, ohun tí Waldrep fi ọdún púpọ̀ wá tí kò rí nìyẹn. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọ yunifásítì gba mílíọ̀nù tàbí kó má gbà á, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Kí wọ́n sanwó fún wọn, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí ẹni tó fara pa lè gbé dé iwájú adájọ́.

Wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ eléré ń ṣe? Òfin NCAA ní 20 lọ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta 2014, Peter Ohr, aṣojú àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Chicago, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Northwestern wò. Ó rí i pé wákàtí 40 sí 50 ni wọ́n ń lò lọ́sẹ̀ nígbà ìdíje, ó sì ń tó 50 sí 60 nígbà ìgbaradì kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ ni wọ́n, kí wọ́n lọ dìbò lórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n dìbò. Wọn kò ka ìbò náà rí: ní oṣù kẹjọ 2015, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àjọ náà ní àwọn kò ní dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò sọ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, wọn kò sì sọ pé òṣìṣẹ́ kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí bọ́tà lórí búrẹ́dì jẹ́ ọ̀ràn? Òfin NCAA gbà kí ilé-ìwé fún eléré ní bagel, búrẹ́dì róbótó kan tó ní ihò láàárín, gẹ́gẹ́ bí ìpanu. Bí wọ́n bá fi wàràkàṣì kùn ún, ó ti di oúnjẹ nìyẹn, wọ́n sì ti rú òfin. Má rẹ́rìn-ín jù.

Ní 2014, Yunifásítì Oklahoma lọ fi ẹjọ́ ara rẹ̀ sùn pé ọmọ mẹ́ta jẹ pasta ju bó ṣe yẹ lọ níbi àsè ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fi dọ́là 3.83, iye owó oúnjẹ náà, ṣe ìtọrẹ àánú.

Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, Shabazz Napier, tó kó UConn gba ife bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì, sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òru kan wà tí ebi ń pa òun sùn. Láàárín oṣù yẹn kan náà, NCAA ti yí òfin oúnjẹ náà padà. Ẹni tí ebi pa tí gbogbo ayé sì ń wò ni wọ́n dá lóhùn.

Èló ni owó tó wà nídìí rẹ̀? Ní 2010, CBS àti Turner gbà láti san bílíọ̀nù 10.8 dọ́là fún ọdún 14, kí wọ́n lè máa fi ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2016 wọ́n fi bílíọ̀nù 8.8 kún un títí di 2032. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe dókítà àgbà. Kóòṣì yunifásítì ni. Nick Saban ti Alabama ń gba ju mílíọ̀nù 11 dọ́là lọ lọ́dún kó tó fẹ̀yìn tì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Wàyí o, àwọn tó ń ta ko sísan owó fún eléré ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Wọ́n ní sikọ́láṣíìpù kì í ṣe nǹkan kékeré, òótọ́ ni: ti Northwestern tí Ohr yẹ̀ wò tó nǹkan bí 61,000 dọ́là lọ́dún. Wọ́n ní ẹ̀ka eré ìdárayá ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jèrè. Owó bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti ti alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ìlúwẹ̀ẹ́, ìjàkadì àti eré àwọn obìnrin ró. Òótọ́ nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n pé, ta ló wá pinnu pé ọmọ tó ń fi orí kọlu orí ni kó san owó omi ìlúwẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn, tí kóòṣì ń gba mílíọ̀nù tirẹ̀ ní pípé, mi ò tíì gbọ́ èsì tó wọ̀ mí létí.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn owó fún àwọn eléré díẹ̀díẹ̀? Ed O'Bannon, tó gba ife pẹ̀lú UCLA ní 1995, ló rí ara rẹ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà: ọwọ́ òsì rẹ̀, nọ́ńbà 31 rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé, kọ́bọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó pe NCAA lẹ́jọ́ ní 2009, Adájọ́ Claudia Wilken sì dá a láre ní 2014. Ní 2019, Kalifọ́níà ṣe òfin pé eléré yunifásítì lè ta orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Ní 21 oṣù kẹfà 2021, nínú ẹjọ́ Alston, gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà pohùn pọ̀ lòdì sí NCAA. Brett Kavanaugh, ọ̀kan nínú wọn, kọ ọ́ pé kò sí òwò mìíràn ní ilẹ̀ náà tí àwọn ọ̀gá ti lè fìmọ̀ ṣọ̀kan pé àwọn kò ní san owó iṣẹ́ bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì mú un jẹ. Ní 1 oṣù keje ọdún náà, NCAA gbà kí àwọn ọmọ náà máa gba owó ìpolówó.

Reggie Bush ńkọ́? Ó dá ife Heisman rẹ̀, ti ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá jù ní yunifásítì, padà ní 2010 nítorí ẹ̀bùn tí ó gbà nígbà tí ó wà ní yunifásítì USC. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé e fún un padà. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà ti di nǹkan tí ọmọ ọdún 18 ń ṣe ní gbangba pẹ̀lú amòfin lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní 6 oṣù kẹfà 2025, Wilken kan náà fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House: nǹkan bí bílíọ̀nù 2.8 dọ́là fún àwọn tó ti gbá láti 2016, àti àǹfààní fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pín ti àtẹ̀yìnwá? Nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, 15 fún bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin, 5 fún ti obìnrin, 5 tó kù fún gbogbo eré yòókù. Fi ọkàn rẹ sí bí àwọn obìnrin ṣe gbọ́ ìṣirò yẹn.

Àwọn ọmọ tiwa wà níbẹ̀ tipẹ́. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá kó tó di bàbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, dé Yunifásítì Houston ní 1980. Ọdún mẹ́ta léra, 1982, 1983 àti 1984, ni Houston dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin ìkẹyìn. Pápá kún, tẹlifíṣọ̀n jèrè, sikọ́láṣíìpù ni tirẹ̀. Ní 1984 ni owó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Houston Rockets fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú, ṣáájú Michael Jordan. Nínú eré sísá, Falilat Ogunkoya gba Yunifásítì Mississippi State kọjá kó tó gba bàbà Olympics ní Atlanta. Olapade Adeniken gba yunifásítì UTEP kọjá. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba UTEP kan náà kọjá, ó gba ife NCAA nínú eré ìje àfòdènà 100 mítà ní 2017, ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ló sá 12.12, tí kò sí obìnrin tó sá irú rẹ̀ rí láyé. Mi ò ní purọ́: fún ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò lè san owó fásitì nílé, sikọ́láṣíìpù yẹn ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó ṣí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó béèrè èyí tó kù.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ Áfíríkà lè má jẹ nínú owó tuntun yìí? Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi wọlé. Físà náà gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, kó má ju wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé wà níṣẹ́. Gbígba owó ìpolówó níta lè kó bá ìwé ìgbélùú wọn. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo, ni wọ́n pè ní agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó dára jù ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní 2022. Kí ó tó lè jẹ nínú orúkọ ara rẹ̀, ó dúró di oṣù kẹjọ nígbà tí ẹgbẹ́ yunifásítì rẹ̀, Kentucky, rìnrìn-àjò lọ sí Bahamas. Níbẹ̀, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ló ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Segun Odegbami kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún IICC tó gba ife àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà ní 1976. Adokie Amiesimaka ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì ń wọ ẹ̀wù Green Eagles. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1980, tí Odegbami ju méjì sáwọ̀n Algeria, ìjọba Shagari fún wọn ní ilé àti ọkọ̀, gbogbo Súúrùlérè sì jó. NUGA, eré ìdárayá àwọn yunifásítì wa, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966. Bí ó bá jẹ́ NCAA ló ń darí rẹ̀, ìwé ẹ̀sùn ìbá ti kún yàrá.

Lomé náà ní ìjà owó tirẹ̀, gbogbo ayé sì rí i. Emmanuel Adebayor, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé ní 1984, tí Metz wá gbé láti ibẹ̀, wà nínú ikọ̀ Tógò tó lọ sí ife àgbáyé Jámánì ní 2006. Owó ẹ̀bùn ìdíje ò tíì dé ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Otto Pfister, kóòṣì wọn, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀, ó sì padà. Kí wọ́n tó bá Switzerland gbá ní 19 oṣù kẹfà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àwọn kò ní wọ pápá. FIFA ló dá sí i. Wọ́n gbá, wọ́n pàdánù ní 2-0. Àwọn kan ní owó ló ba iyì orílẹ̀-èdè jẹ́. Èmi rò pé ẹni tó ń di owó náà mú ló bà á jẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Ṣé o mọ̀ pé Dartmouth, bíi gbogbo yunifásítì Ivy League, kì í fún eléré ní sikọ́láṣíìpù nítorí eré rárá? Ní 5 oṣù kẹta 2024, àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún wọn dìbò 13 sí 2 pé àwọn fẹ́ wọ SEIU Local 560, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà wà. Lára wọn ni a ti rí ẹni tó tún ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Bó bá ń gbé abọ́, òṣìṣẹ́ ni, wọ́n ń ka wákàtí rẹ̀. Bó bá wọ bàtà eré nírọ̀lẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Yunifásítì kọ̀ láti bá wọn jókòó. Ní 31 oṣù kejìlá ọdún náà, kí ìjọba tuntun tó yan àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà ní àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fa ìwé tí wọ́n fi bẹ̀ pé kí wọ́n ka àwọn ọmọ náà sí òṣìṣẹ́ padà.